Ibà Koríko Gbígbẹ

Ibà koríko gbígbẹ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe àìsàn tí ń múni sín léraléra, tí imú ń ṣomi, tí ojú sì ń yúnni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà rárá. Ní 1819, oníṣègùn John Bostock ṣàlàyé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yọ lẹ́nu láti ìgbà èwe, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Charles Blackley ti Manchester fa lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko sí imú ara rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti 1873 fi hàn pé òun gan-an ni ó ń fà á. Ní 1906, Clemens von Pirquet ní Vienna dá ọ̀rọ̀ náà “àlẹ́jì” sílẹ̀. Ní 1964, Reindert Voorhorst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leiden tọ́ka sí kòkòrò tíntìntín inú eruku ilé.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Eruku ọyẹ́ láti Sàhárà lè mú ẹni tí kò ní àlẹ́jì pàápàá sín. Kòkòrò eruku ilé, ní tirẹ̀, ọ̀rinrin ni ó fẹ́, bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí sì ni ibùgbé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń sín ní àràárọ̀, lójò lẹ́ẹ̀rùn, kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́.