Ẹ̀jẹ̀ Àgùntàn àti Ìdámọ̀ Streptococcus ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Orí ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń dá kòkòrò àìfojúrí Streptococcus mọ̀. Bí onímọ̀ àyẹ̀wò bá fa ohun tí ó gbà lára aláìsàn sórí agar tí a po ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí ó gbé e sínú ooru 37°C di ọjọ́ kejì, ohun tí kòkòrò náà ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ni yóò tọ́ka sí irú èyí tí ó jẹ́. Bí ojú ibẹ̀ bá mọ́ gaara, a ó fura sí S. pyogenes tàbí S. agalactiae tí ń pa ọmọ tuntun. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ S. pneumoniae tí ń fa òtútù àyà.

Ẹ̀jẹ̀ wo wá ni? Ní ọ̀pọ̀ láàbù ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí òun ló wà nítòsí. Mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Oògùn apakòkòrò tí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mu lè wà nínú rẹ̀, kó má jẹ́ kí kòkòrò hù. Ewu HIV àti hepatitis B tún wà fún ẹni tí ń pò ó. Èyí tó ká mi lára jù ni àyẹ̀wò CAMP tí a fi ń dá S. agalactiae mọ̀, tí Christie, Atkins àti Munch-Petersen gbé kalẹ̀ ní 1944. A ó fa S. agalactiae sẹ́gbẹ̀ẹ́ Staphylococcus aureus. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé, ẹ̀jẹ̀ á yọ́ bí orí ọfà. Orí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tàbí ti màlúù ni ọfà náà ti ń hàn kedere, kì í ṣe orí ti ènìyàn.

Àwọn kan gbà pé àgùntàn onírun òwú ti ìlú òyìnbó nìkan ló yẹ fún iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí PLoS ONE gbé jáde ní 2009 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí kò ní irun òwú ń ṣe iṣẹ́ náà láìkù síbì kan, bẹ́ẹ̀ àwọn àgùntàn tó ń jẹko kiri Iléṣà àti Òṣogbo náà kò ní irun òwú. A ó fa ẹ̀jẹ̀ níwọ̀nba lọ́rùn ẹran, a ó fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì mì í kó má baà dì, ẹran á sì padà sínú agbo rẹ̀ láàyè.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé dára, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò lè ka kòkòrò tí kò kọ́kọ́ hù lórí àwo. Láti ìparí 2014 ni Nàìjíríà sì ti ń fún ọmọdé ní àjẹsára S. pneumoniae. Ó ṣòro láti mọ irú kòkòrò náà tó ṣẹ́kù láàárín àwọn ọmọ náà bí a kò bá mú un hù lórí àwo. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) ní Òṣogbo àti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lè jọ ní agbo àgùntàn kan, kí dókítà ẹran máa bójú tó o, kí àwọn láàbù kéékèèké máa wá gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.