Ọlọ Ìyá Àgbà

Ọlọ ìyá mi àgbà ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Àárín rẹ̀ ti jin bí àwo. Kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé àdúgbò, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ata, ọmọ ọlọ lọ́wọ́ méjèèjì, títí rodo òun tàtàṣé yóò fi kúnná. Ẹ̀wà àkàrà ńkọ́? Ìyẹn ló ń já apá.

Nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, èmi ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ oníẹ̀rọ pẹ̀lú kọ́bọ̀ mélòó kan. "Ní kí wọ́n kọ́kọ́ fomi ṣan ẹnu ẹ̀rọ o!" Àbí ta ló fẹ́ ẹ̀wà ẹlòmíràn nínú ata rẹ̀? Síbẹ̀ Ìyá àgbà ní ata náà ń rùn bí irin. Ògìrì rẹ̀, orí ọlọ ló ti ń lọ̀ ọ́.