Ẹsẹ̀ Àyálò Lábẹ́ Ọkọ̀ Eré

Aṣọ àyábọ̀ra kì í yẹni: bí kò fúnni lápá, a ṣoni lọ́rùn. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ eré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ àlòkù nìyẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan tú sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì tàbí ṣáàfù lára ọkọ̀ mìíràn wá sábẹ́ Triumph Spitfire rẹ̀, ojú ẹni tó ba ogún ìdílé jẹ́ ni wọ́n á fi wò ó. Ṣùgbọ́n ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ eré olówó pọ́ọ́kú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàrin 1950 sí 1980, ẹsẹ̀ àyálò ni wọ́n gbé wáyé. Yíyá kọ́ ló ń ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn mú ẹyọ kan lára ohun tí wọ́n ṣe papọ̀, kó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ wo Austin-Healey Sprite tó jáde lọ́dún 1958, tí wọ́n ń tò nílé-iṣẹ́ MG ní Abingdon, nítòsí Oxford. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ti Austin A35 ni, ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó ọmọ àti ìyàwó. Irin tó ń yí táyà rẹ̀, ti Morris Minor ni. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà: owó gọbọi ni wọ́n ń ná láti ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ń rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ọkọ̀ ìdílé ti wà nílẹ̀, ó sì dínwó. Colin Chapman ti Lotus náà ò ṣe é lọ́tọ̀. Nígbà tí ó tún Lotus Seven ṣe lọ́dún 1960, irin òòró tó gbé táyà iwájú ọkọ̀ ìdílé Triumph Herald ló mú lò, ó sì tún lò ó fún Elan ní 1962. Ẹni tó bá sì ra Seven láìtíì tò ó, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé, ń bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun, títí òfin fi yí padà ní 1973. Triumph pàápàá yá lọ́wọ́ ara rẹ̀: ṣáásì Herald ti 1959 ni wọ́n gé kúrú, tí wọ́n sì gbé Spitfire lé lórí ní 1962. Kò sí ojúlówó ẹsẹ̀ Spitfire kan tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Herald nínú.

Ìjọba ló tún ṣílẹ̀kùn fún ọjà àlòkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn. Ní 1960, lábẹ́ Ernest Marples tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún fún ọkọ̀ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Nígbà tó di 1967, ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ti wọ inú rẹ̀. Òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń jẹ ṣáásì kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbó. Herald tí ìpẹtà bá ti jẹ ìdí rẹ̀ débi tí kò yege àyẹ̀wò mọ́, ọgbà àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ló ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè ṣì wúlò. Níbẹ̀ ni ẹni tó ní Spitfire tí kò sì lówó púpọ̀ ti ń lọ ra ohun tó bá bá a mu. Spitfire wà lórí àtẹ títí di 1980, ó sì ní ẹ̀dà márùn-ún. Ojú lásán lè pè wọ́n ní ohun kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ní ẹsẹ̀ iwájú, irin òòró tó gbé táyà ní tírẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀, ó sì ń yí nínú idẹ kan tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa wà nínú rẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì apá kan ń yí sápá ọ̀tún, ti apá kejì ń yí sápá òsì. Ẹni tó bá fẹ́ fi idẹ tọ̀tún sí tòsì, kò ní wọlé. Irú àṣìṣe yìí kò léwu, torí irin fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Èyí tó léwu ni èyí tó gbà. Ní 1973, Triumph mú kí ṣáàfù ẹ̀yìn gùn sí i, táyà kọ̀ọ̀kan sì fi nǹkan bí íǹṣì kan yọ síta. Ẹni tó bá fi ṣáàfù 1971 sí ọ̀tún àti ti 1974 sí òsì, bóòtù á wọlé wẹ́rẹ́, ọkọ̀ á sì rìn, àmọ́ táyà kan á yọ síta ju èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn tún ju ìyẹn lọ. Lára Spitfire àkọ́kọ́, bí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà tó sì ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gbéra, kí táyà ká sábẹ́, kí ọkọ̀ sì fì. Láti wo èyí sàn, Triumph gbé sípíríǹgì tuntun jáde ní 1970: ewé kan ṣoṣo ni wọ́n dè pinpin, ìyókù ń yí bí ọkọ̀ bá ti ń tẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ̀yìn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dènà títẹ̀ mọ́, wọ́n mú kí ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún mọ́ tòsì nípọn sí i. Ìwòsàn kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ra sípíríǹgì náà ní ọgbà àlòkù, tó sì fi ọ̀pá tín-ín-rín ti àtijọ́ sílẹ̀ níwájú, ìdajì oògùn ló lò, ọkọ̀ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ní kọ́nà.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé-iṣẹ́ ní ẹ́ńjíníà, irin tuntun ni wọ́n sì yá, pé ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò ní méjèèjì. Òótọ́ ni. Ṣọ́ọ̀kì iwájú Sprite fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó: apá ṣọ́ọ̀kì yẹn gan-an ló di orí ẹsẹ̀ mú. Bí ìdí rẹ̀ bá ti gbó tó ń mì, kì í ṣe pé ọkọ̀ á máa fò nìkan, táyà pàápàá kò ní dúró bó ṣe yẹ. Àmọ́ ohun tí àtakò yìí ń sọ ni pé ká wọn nǹkan, ká sì pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀. Kò sọ pé ká má yá. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ tó bá ti yege àyẹ̀wò ìjọba kò lẹ́jọ́. Ohun tó gbó, tó ya tàbí tó ń mì ni olùyẹ̀wò ń wá. Kì í bá ọ wo kọ́nà tí o fi eré wọ̀ lọ́jọ́ òjò. Àtakò kẹta ló lágbára jù: ọkọ̀ tó wà bí ó ṣe jáde ní 1962 jẹ́ ẹ̀rí ìtàn, ẹni tó bá pa á dà ti pa ẹ̀rí rẹ́. Èyí tó bá ṣì pé pérépéré, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láti dáàbò bò mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹni tó ń fi àlòkù sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi tó ti rí i. Ká bi í bóyá ó mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, bóyá ọ̀tún àti òsì bára dọ́gba, àti bóyá ohun tí ilé-iṣẹ́ pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ti bá a wá. Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ tí Healey, Chapman àti Triumph fi kọ́ ọkọ̀ wọ̀nyẹn lòun náà ń ṣe.