Ata Ló Ń Yan Ọ̀nà: Láti Yankaba Dé Máìlì 12

Ojú ọ̀nà tó lọ sí Hadejia ni ọjà Yankaba wà ní ìlú Kánò, kò sì jìnnà sí Sabon Gari tí àwọn Yorùbá ti ń gbé láti ayé òyìnbó. Tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń dá ọjà náà mọ̀. Bí wọ́n bá ń di ẹrù Èkó, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ ni, wọn a sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba àárín rẹ̀ wọlé. Èyí tó ti pọ́n tán kì í bá ẹrù náà lọ, àwọn ará Kánò ni yóò jẹ ẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe pupa ni wọ́n ń ṣà fún Èkó, kó lè pọ́n lọ́nà. Síbẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé Máìlì 12 ní Kétu, omi á ti máa kán láti inú àwọn apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀, nítorí ìrìn náà ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ.

Nígbà kan rí, oníṣòwò Kánò kì í ronú ọ̀nà tí ẹrù rẹ̀ yóò gbà. Ọdún 1911 ni ojú irin wọ Kánò, nígbà tó sì di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà. Lásìkò yẹn gan-an ni ìjọba òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti gúúsù: akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ ojú irin, àti àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìjẹ̀bú. Ní 1916, Ìbàdàn náà dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa, àfi bí ẹni pé ìlú méjèèjì jọ pàṣípààrọ̀ àlejò. Obì láti Àgège àti Ṣágámù ń gòkè lọ, ẹ̀pà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí èbúté Èkó. Aago tí ọkọ̀ yóò ṣí nìkan ló kù kí èèyàn béèrè.

Lọ́rì wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọba kò fẹ́ kó gba oúnjẹ lẹ́nu ojú irin. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n là jẹ́ èyí tí yóò kó ẹrù wá sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n tún fi owó ìwé àṣẹ há àwọn onílọ́rì mọ́.

Omi ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí ìsédò Tiga ní apá Kánò parí ní 1974, àwọn àgbẹ̀ Kúra àti Kadawa bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kì í rọ̀. Ẹ̀pà lè dúró de ọkọ̀ ojú irin fún ọ̀sẹ̀ kan. Tòmátì kò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta. Owó epo sì ti dé, ọ̀nà ọlọ́dà ń pọ̀ sí i, wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ojú irin sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ni lọ́rì bá gba ipò. 

Zaria, Kàdúná, Birnin Gwari, Tegina, Kontagora, Mokwa, Jẹ́bbà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn: bí àwọn awakọ̀ ata ṣe ń ka ọ̀nà nìyẹn. Òfin bá wọn lójú ọ̀nà yìí. Wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti oṣù Kẹwàá 2016 ni wọ́n ti ń fi dandan lé ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù sáré àsápajúdé. Ní 2018, ìlànà mìíràn jáde lórí ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀.

Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ ọjà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá já ẹrù ní Máìlì 12 ní ìdájí ló ń jẹ owó gidi. Ẹni tó dé lọ́sàn-án, ẹ̀dínwó ló ń bá pàdé. Òru ni awakọ̀ fi ń sáré nítorí náà, oorun sì wà lójú rẹ̀.

Ewu tí kò sí nínú ìwé òfin tún ń yí ọ̀nà padà. Nígbà tí àwọn agbébọn gba ọ̀nà Birnin Gwari, ọ̀pọ̀ tírélà yà gba Abuja àti Lọ́kọ́já, epo tí wọ́n ń jó sì pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹfà 2017, omi gbé afárá Tatabu lọ lẹ́bàá Mokwa. Lẹ́yìn ìjà Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ní kí ẹrù má gba Jẹ́bbà wá sí gúúsù mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà, ata gbówó lórí ní Èkó.

Ọ̀nà Hadejia tí ọjà Yankaba wà fúnra rẹ̀ kò ṣàì ní àdánwò. Lálẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá 2024, ọkọ̀ epo kan tó ti Kánò jáde dojú dé ní Majia, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará ìlú tú jáde láti gbọ́n epo, iná sì sọ. Àwọn tó kú lé ní 150.

Ìwé ọkọ̀ tó pé àti awakọ̀ tó gbọ́n nìkan kò lè tún ìrìn ata láti Kánò sí Èkó ṣe. Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, àpótí oníke dípò apẹ̀rẹ̀, àti ibùdó ìsinmi tó ní ẹ̀ṣọ́ ní Mokwa tàbí Jẹ́bbà ni ọ̀nà yìí ń fẹ́. Kí ìjọba Kánò àti ti Èkó jọ jókòó lórí rẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn awakọ̀ ata sí ìjókòó náà.