Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì tí Wọ́n Ti Ìbàdàn Tún Ayé Ṣe

Bí a bá ń ka àwọn tí ọgbọ́n wọn sọ ayé di bó ṣe rí lónìí, orúkọ Newton, Pasteur, Marie Curie àti Edison ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò Ìbàdàn náà wà nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ àrùn ń lò káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà ní Agbowó àti Bódìjà kò gbọ́ ọ rí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò wá ìṣòro lọ sí ibi tó jìnnà. Ìyà tó ń jẹ ará ilé ni wọ́n gbájú mọ́.

Ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì London, ó sì dá dúró ní 1962. Ilé ìwòsàn UCH ṣí ní 1957. Nígbà tó di 1967, wọ́n dá IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ibi mẹ́ta yìí ni ìtàn wa ti wáyé.

Sòbìà àti omi mímu

Àgbàlagbà kò lè gbàgbé sòbìà, aràn gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, tó sì ń so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ sílé nígbà tí oko ń dúró dè é. Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti fi hàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé inú kòkòrò omi kan tó kéré gan-an ni ọmọ aràn náà ń gbé kí ènìyàn tó mu ún. Irú kòkòrò wo ló ń ṣe é ní ilẹ̀ wa? Ṣànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ló wá ìdáhùn. Ní 1951 ó tẹ ìwádìí jáde lórí Thermocyclops nigerianus, kòkòrò omi tó ń tan sòbìà ní abúlé kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Nàìjíríà. Ó tún di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí sòbìà ń dà láàmú lọ́dún ní Nàìjíríà. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tó dára àti ìlanilọ́yẹ̀ ló gbógun tì í. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá

Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì àti àjọ Rockefeller ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ottis Causey, tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Brazil, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ń ṣa eégbọn lára màlúù, wọ́n ń mú ẹ̀fọn, wọ́n sì ń dẹ pàkúté fún ẹran kéékèèké. Ní 1964 wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì tuntun kan nínú eégbọn màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀, orúkọ àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Ìbátan ibà Crimean-Congo tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà ni, ó sì ti ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti lóye ìdílé fáírọ́ọ̀sì yẹn.

Ní 1968 wọ́n rí òmíràn lára asín. Mọ́kọ́lá, orúkọ àdúgbò Ìbàdàn mìíràn, ni wọ́n pè é. Èyí lágbára jù, nítorí pé ìbátan àrùn dìgbòlugi ni. Kí ó tó di àkókò yẹn, ohun tí ayé gbà ni pé fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi dá wà, kò ní ẹbí. Mọ́kọ́lá àti fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n rí lára àdán ní Èkó ló yí èrò yẹn padà. Títí di òní, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kì í dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ Mọ́kọ́lá.

Ẹ̀gẹ́: àrùn rẹ̀ àti ìgbàlà rẹ̀

Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí a bí ní 1935, jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ní UCH. Àwọn aláìsàn kan ń wá tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn sì ń di. Ní 1968 ó ṣàpèjúwe àìsàn náà fún ayé. Ìwádìí rẹ̀ nawọ́ sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, pàápàá lára ẹni tí kì í rí ẹran tàbí ẹja fi jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí rírẹ ẹ̀gẹ́, fífún un àti yíyan gààrí kí ó jinná fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Ó tún wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tí wọ́n fi arúgbó Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, iṣẹ́ náà kò dúró. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dún ní Indianapolis ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ.

Ní IITA, Sang Ki Hahn láti Kòríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971, ó sì bí irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn ewé kò lè tètè borí. Inú rere rẹ̀ mú kí àwọn ará Ìkirè fi í joyè. Nígbà náà ni kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń mu oje ẹ̀gẹ́ gbẹ káàkiri Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ Switzerland, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi oògùn fífín yanjú rẹ̀. Wọ́n gba agbọ́n tíntín tó ń pa kòkòrò yìí láti Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Ó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀gẹ́ sì sọjí. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lọ sókè òkun

Adétòkunbọ̀ Lucas kúrò ní Ìbàdàn lọ darí ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru ti àjọ ìlera àgbáyé láti 1976 sí 1986. Oyèwálé Tómórì, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ṣiṣẹ́ ribiribi lórí yàrá àyẹ̀wò rọmọlápárọsẹ̀ ní Áfíríkà. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn ní 1980, wà lára àwọn aṣíwájú ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú ní Chicago.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orúkọ Ọnàbámirò àti Ọ̀ṣúntókun sí ẹ̀gbẹ́ ti Pasteur nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún yàrá ìwádìí ní iná àti owó, nítorí ìṣòro kò tíì tán nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó lè yanjú rẹ̀ kò wọ́n.