Gbèsè Tí Iṣẹ́ Lè San

Bí a bá dárúkọ Yaba lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó ti wà ní Yaba láti 1930. Ìjọba amúnisìn ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ dókítà, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì wúlò kọjá Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ irú ìwé ẹ̀rí Yaba yìí wà lára ohun tó bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tí wọ́n fi dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934.

Ní oṣù kẹrin 2023, àbá kan tí Ganiyu Johnson, aṣòfin láti Oshodi-Isolo, gbé lọ sílé aṣojú-ṣòfin kọjá ìkàwé kejì. Ó ní dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà kò ní gba ìwé àṣẹ tó pé, àfi tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé. Nítorí jápa ni o! Àwọn dókítà faraya. Òótọ́ ni pé owó ìlú wà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n tún fẹ́ fi so èèyàn mọ́lẹ̀, bíi ti ayé Yaba àtijọ́.

Àwọn baba ńlá wa mọ ètò ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn olówó. Èlé ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe; owó gan-an kò dín kọ́bọ̀. Bó sìn ín fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá náà ló ṣì máa san.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2007 yàtọ̀ sí èyí. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, tó sì ti san gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún 120 oṣù, wọ́n á fi ìyókù jì í. Níbẹ̀, iṣẹ́ ń jẹ gbèsè.

Àwa náà ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó tipẹ́. Ayé Gowon ni wọ́n ṣòfin Students Loans Board, ní 1972; ọ̀pọ̀ tó yáwó kò san án padà. NELFUND ló wà báyìí, lábẹ́ òfin tí Tinubu fọwọ́ sí ní April 3, 2024. Kò ní èlé, ó dáa. Ọdún méjì lẹ́yìn agùnbánirọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdámẹ́wàá owó oṣù ẹni. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní LUTH, Ìdí-Àràbà, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Island, ìdámẹ́wàá kan náà ni.

Ṣé kò yẹ kí ọdún kọ̀ọ̀kan tí nọ́ọ̀sì bá lò nílé ìwòsàn ìjọba ní Mushin gé díẹ̀ kúrò nínú gbèsè rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó san owó, kó máa lọ. Ẹni tó bá dúró, kí iṣẹ́ rẹ̀ san án. Àwọn tó kọ́kọ́ yá owó yìí ti ń jáde ní fásitì. Ó yẹ ká ti bi àwọn aṣòfin wa léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó.