Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn ará ilé ti ń gbin ẹ̀fọ́, ata, ewé àgbo àti igi eléso díẹ̀ fún ìkòkò ọbẹ̀ tiwọn. Kì í ṣe oko. Oko etílé ní ààlà àti ebè, oko ẹgàn sì jìnnà débi pé ẹni tó bá lọ á sùn síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò ju ibi tí èèyàn lè sáré dé láìwọ bàtà nígbà tí epo ti ń gbóná lórí iná. Obìnrin ló sábà máa ń ni ín. Iṣu àti kòkó lè jẹ́ ti bàbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń se ọbẹ̀ ló mọ ewé tó kù àti èyí tó tó já.

Ọjà sún mọ́ ilé púpọ̀ lónìí, síbẹ̀ ọgbà yìí kò parẹ́, nítorí pé ewé kì í dúró de èèyàn. Àlùbọ́sà ń ti Sókótó àti Kánò wá láìbàjẹ́. Tòmátì tí kò tíì pọ́n tán lè lo ọjọ́ mélòó kan nínú apẹ̀rẹ̀ kó ṣì ṣeé lọ̀. Ewédú tí wọ́n já láàárọ̀ ti rọ kó tó di ọ̀sán, gbúre á sì máa ṣomi nínú náílọ̀nù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan kò gbọdọ̀ fi í ṣòfò lórí tòmátì, tí àrùn máa ń pa lásìkò òjò pàápàá. Ewé ni kó gbìn.

Ààtàn

Kí ẹnikẹ́ni tó máa fi ọkọ́ la bẹ́ẹ̀dì, ààtàn ni ọgbà. Èèpo iṣu, eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ilẹ̀ tí wọ́n gbá láràárọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ohun tó sì ń gbà yẹn ló sọ ọ́ di ilẹ̀ tó lọ́ràá jù lọ lágbo ilé. Hóró ata tó bá omi ìfọta lọ, hóró tòmátì àti ti ìbẹ́pẹ, gbogbo wọn á hù fúnra wọn, iṣẹ́ ìyá ilé kò sì ju kó mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ àti èyí tí yóò tu. Bí wọ́n bá gbé ààtàn kúrò lójú kan, ojú àtijọ́ yẹn ni wọ́n á gbin ilá àti ẹ̀fọ́ sí.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń hù fúnra wọn báyìí, àlejò pọ̀ nínú àwọn ohun ọ̀gbìn tí à ń rò pé a bá láyé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran ata, tòmátì, ìbẹ́pẹ àti gbúre ti wá. Ẹ̀yìn ọdún 1492 ni wọ́n gba orí òkun dé Áfíríkà. Ewúro, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ẹ̀fọ́ ìgbá ni onílé. Kí ata tó dé, iyèré àti ataare ló ń ta wá lẹ́nu.

Ààtàn òde òní ti yàtọ̀. Náílọ̀nù, bátìrì rédíò àti ìgò fífọ́ ti dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu, èèyàn kò sì gbọdọ̀ gbin ohun tí yóò jẹ sórí irú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ á ya ìdọ̀tí tó lè jẹrà sọ́tọ̀: èèpo èso, ewé gbígbẹ, eérú díẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ. Ó á máa tò wọ́n léra, ewé gbígbẹ lórí tútù, á máa wọ́n omi sí i, á sì máa yí i lóòrèkóòrè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ó á ti dúdú, kò sì ní máa rùn mọ́. Kí á má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́, nítorí ó máa ń jó o.

Àwọn ewé

Hóró ewédú le. Bí a bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, èyí tó kù á sùn sínú ilẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń di hóró sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tì í bọ omi tó ń hó, kò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ sínú omi tútù. Omi gbígbóná yẹn ló ń la èèpo hóró kí omi ilẹ̀ lè ríbi wọlé. Tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, ó ti jinná. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ewédú ti tó gé. Kí á gé e, kí á má fà á tu, kí ìdí rẹ̀ lè tún yọ ẹ̀ka mìíràn.

Ti tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Hóró rẹ̀ kéré débi pé gíráàmù kan ju 1,000 hóró lọ, ọwọ́ kò sì lè fọ́n ọn kó dọ́gba. Yanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí wọ́n tó fọ́n ọn, wọ́n á wá fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún un láti di ọbẹ̀, kò sì sí ewé mìíràn tó yára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ṣọkọ, ṣùgbọ́n òun pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ.

Gbúre kò nílò ìtọ́jú. Ègé igi rẹ̀ tí a jù sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti já ewé tán á ta gbòǹgbò bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹni tó gbìn ín lẹ́ẹ̀kan ti gbìn ín títí láé nìyẹn, ìyà tó sì wà ńbẹ̀ ni pé ó lè gba ilẹ̀ mọ́ ewé mìíràn lọ́wọ́.

Igi ni wọ́n ń fi gbin ewúro. Wọ́n á gé ẹ̀ka tó gbó díẹ̀, tó gùn tó ìka ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ri í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Igi ewúro kan tó fún ìdílé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹfinrin náà kò gbọdọ̀ jìnnà sílé, torí aládùúgbò tí inú ń run ọmọ rẹ̀ lóru kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́ kó tó wá já ewé. Koríko ọba sì wà fún àgbo ibà àti fún tíì.

Ẹ̀fọ́ úgú wá sọ́dọ̀ wa láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò, ó sì ti di ti gbogbo ayé báyìí. Hóró rẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ: tí wọ́n bá ti là á kúrò nínú èso, kí wọ́n gbìn ín láìpẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó kú nìyẹn. Ó ní akọ, ó ní abo. Abo ló ń so, ewé rẹ̀ ló sì máa ń tóbi jù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ̀fọ́ ìgbá ni àwọn ará Benin àti Togo ń pè ní gboma, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun náà wà lára àwọn ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Manitoba, Kánádà, ṣiṣẹ́ lé lórí ní nǹkan bí ọdún 2011. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbé lárugẹ ni pé kí àgbẹ̀ má fọ́n ajílẹ̀ olówó káàkiri ilẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀bá ẹ̀fọ́ gan-an. Ìyá tó ń fi ṣíbí bu eérú sídìí ata ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́.

Kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ni ẹ̀yìnkùlé wà fún. Ọ̀dúndún, rinrin àti pèrègún kì í wọ ìkòkò, síbẹ̀ a máa ń rí wọn lẹ́yìn ilé àwọn oníṣègùn àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àwọn ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà tún irú ọgbà yìí dá síbẹ̀. Títí dòní, ewé wà ní ìtọ́jú lágbo ilé òrìṣà ní Brazil, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pe pèrègún ní peregum, tí wọ́n ń pe Ọ̀sányìn, òrìṣà ewé, ní Ossain. Pierre Verger, olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó ọ̀pọ̀ nínú ìlò ewé wọ̀nyí jọ nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde lọ́dún 1995.

Àwọn ọ̀tá

Ewúrẹ́ ni olórí ọ̀tá ọgbà. Òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò, nítorí ẹni tó ni ewúrẹ́ á sọ pé ẹran kò mọ ààlà, ẹni tó ni ẹ̀fọ́ á bi í pé ṣé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Làpálàpá àti pèrègún ni wọ́n ń gbìn ṣe odi tó ń dàgbà, torí ewúrẹ́ kì í jẹ làpálàpá. Adìyẹ ń tu hóró kó tó hù, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì ń tẹ́ bò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Fún tata àti kòkòrò ewé, eérú ni wọ́n ń wọ́n láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, kó lè lẹ̀. Àwọn mìíràn ń gún ewé dóńgóyárò, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, wọ́n á sì wọ́n ọn. Ó ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ti fọ̀ ọ́ lọ, a ó tún un ṣe.

Ìjọba àti ẹ̀yìnkùlé

Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí OFN. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, oúnjẹ tí à ń kó wọlé láti òkèèrè sì ń pọ̀ sí i; ìjọba wá ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan, ìbáà ṣe iwájú ilé rẹ̀. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko lásìkò ìsinmi. Nígbà tí Shehu Shagari di ààrẹ, ètò Green Revolution ni tirẹ̀, lọ́dún 1980. Lójú tèmi, ohun tí ẹ̀yìnkùlé kò lè ṣe ni wọ́n rán an. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́rin kò lè bọ́ orílẹ̀-èdè, àmọ́ ó lè mú kí ewé ọbẹ̀ má wọ́n nínú ilé kan.

Ọgbà inú àpò

Ẹ̀yìnkùlé ti di sìmẹ́ǹtì ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, ayálégbé kò sì ní ilẹ̀ tí yóò fi ọkọ́ kàn. Ìdí rèé tí ọgbà fi wọ inú àpò. Àpò ìrẹsì kílò 50 ló dára jù. Àpò sìmẹ́ǹtì oníwèé kì í pẹ́ fàya, kí á sì yẹra fún ike tó ti gbé oògùn apakòkòrò rí. Ohun tó ń ṣòro nínú àpò ni omi. Tí a bá kàn bu ilẹ̀ kún un, òkè nìkan ló ń tutù, ìsàlẹ̀ á gbẹ táútáú. Nítorí náà, wọ́n máa ń gé orí àti ìdí agolo wàrà ńlá kúrò, wọ́n á gbé e sáàárín àpò, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì da ilẹ̀ tí wọ́n ti pò mọ́ ajílẹ̀ yí i ká. Bí ilẹ̀ ṣe ń kún ni wọ́n ń fa agolo náà sókè, tí òkúta á fi dúró bí òpó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ojú òkúta yẹn ni wọ́n ń da omi sí. Wọ́n á wá lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpò, wọ́n á ri gbúre tàbí ṣọkọ kéékèèké sínú wọn, wọ́n á sì gbin ata tàbí ìgbá sórí.

Fún ewédú àti tẹ̀tẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n là sí méjì lóòró tó, bí wọ́n bá ti dá ihò sí ìdí rẹ̀. Omi ìfọrẹsì àti omi ìfọ̀fọ́ dára fún wọn, omi ìfọṣọ kò dára. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí á máa bomi rin wọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n jù lọ́jà, tó sì jẹ́ pé àkùrọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, nígbà mìíràn lẹ́bàá odò tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí. Ẹni tó bá ti rí irú odò bẹ́ẹ̀ kò ní ka bíbomi rin àpò mẹ́ta sí wàhálà.

Lókè òkun ńkọ́? Àwọn Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ káńsù lábẹ́ òfin ọdún 1908 tó dá lórí ilẹ̀ ọgbà kéékèèké. Odindi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 250. Tẹ̀tẹ̀ ń ṣe dáadáa níbẹ̀ nígbà ooru, àwọn ará Jàmáíkà sì ń gbin ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní callaloo. Ewédú fẹ́ ilé oníke tàbí onígíláàsì. Ewúro ní láti wà nínú ìkòkò kí wọ́n lè gbé e wọlé kí yìnyín tó dé.

Ní ti hóró, ẹni tó bá ní tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú tó lẹ́wà kò ní já gbogbo rẹ̀ jẹ. Á fi ọ̀kan tó ga, tí kòkòrò kò bà jẹ́, sílẹ̀ kó gbó kó sì gbẹ lórí ìdúró, á pa hóró rẹ̀, á fẹ́ ẹ, á pò ó mọ́ eérú, á sì dé e sínú ìgò. Ẹni tí kò bá ní lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn lọ́jà, tàbí kó béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, lọ́dún 1975.